Ojú Tó Mọ Ewé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Onímọ̀ Ohun Ọ̀gbìn Láti Dá Àìtó Èròjà Mọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní ń bá wí jù.

Àgbẹ̀ kì í ṣe àlejò lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí níbí ní 1929 ti gbọ́ ohùn wọn rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà rọ́ wá sórí òkè yìí nítorí owó orí, Tàfá Adéoyè ará Àkànrán sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ agbo ilé tó yí òkè náà ká ló ní abúlé oko tirẹ̀: ẹni tó ń ṣọdún Iléyá ní Bẹẹrẹ lè jẹ́ ẹni tó ń sùn ní Àkànrán, Lálúpọn tàbí Erùnmu nígbà ọ̀gbìn. Nítorí náà, bí àgbàdo bá ń pọ́n ní Àkànrán, ọ̀rọ̀ náà kan Mápó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí wọ́n rán sí àgbẹ̀ mọ̀, kí ó tó lè wo oko, kí ó sì sọ pé èròjà báyìí ni kò tó níbí?

Ìdáhùn wa kúrú. Ojú ló ń fura, oko ló ń jẹ́rìí. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun ọ̀gbìn tí ebi ń pa, tí kò sì tíì fi oko dán ìdájọ́ ojú rẹ̀ wò, kò tíì kọ́ṣẹ́ náà tán, ìwé ẹ̀rí yòówù tí ì báà ní. Ìyókù ọ̀rọ̀ wa ni àlàyé ìdí.

1. Ohun tí àìtó èròjà jẹ́

Ní 1939, onímọ̀ méjì ní California, D. I. Arnon àti P. R. Stout, fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ tí a fi ń mọ èròjà tó pọn dandan fún ohun ọ̀gbìn. Èkínní, bí kò bá sí i, ohun ọ̀gbìn náà kò ní lè dàgbà kí ó tanná, kí ó sì so èso. Èkejì, kò sí òmíràn tó lè dúró nípò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, inú ara ohun ọ̀gbìn náà gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́. Èròjà 17 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé wọ́n yege òfin yìí. Afẹ́fẹ́ àti omi ló ń pèsè mẹ́ta. 14 tó kù, inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń fà wọ́n. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù ni ohun ọ̀gbìn ń jẹ jù. Kálísíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti súlfọ̀ tẹ̀ lé wọn. Díẹ̀ báyìí ni ó ń fẹ́ nínú síńkì, irin, bórọ́ọ̀nù, bàbà àti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò ṣé fi dù ú.

Àìtó èròjà wà nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kéré débi tí ìdàgbà fi ń dínkù, tí bíbù ú kún un sì ń mú ìdàgbà náà padà. Apá kejì ìtumọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí a bá fi èròjà náà sí i tí nǹkan kan kò yí padà, ohun mìíràn ló ń ṣe oko náà.

Àgbẹ̀ Ìbàdàn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó ní ilẹ̀ ti ṣá. Òótọ́ ló sọ. Bí ó bá rí èkan tó gba oko, ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti rẹ̀. Bí ó bá rí ewé Akíntọ́lá tó yọ kìtìkìtì lórí ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń sinmi. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó la ìwé olùkọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè ṣá nítorí pé náítírójìn tán nínú rẹ̀, nítorí pé àgbàrá ti wọ́ ojú ilẹ̀ lọ, tàbí nítorí pé ó ti kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ parí sí ni iṣẹ́ onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì méjì, Carl Sprengel ní 1828 àti Justus von Liebig tó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ láti 1840, ṣàlàyé pé èròjà tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ló ń pinnu ibi tí ìkórè yóò dé. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ata kì í tún un ṣe. Bí síńkì ló dínkù, àpò náítírójìn mẹ́wàá kò ní yanjú rẹ̀.

Ohun kan tún kù nínú ìtumọ̀, òun ló sì le jù. Ebi lè máa pa ohun ọ̀gbìn kí ewé rẹ̀ má sọ nǹkan kan. Kí àwọ̀ ewé tó yí padà, apá kan ìkórè ti lọ. Ẹni tó bá dúró de àmì nìkan ti pẹ́ dé.

2. Ewé wo ló kọ́kọ́ yí padà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ nínú oko kì í ṣe irú àwọ̀ tí ewé ní. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ewé ìsàlẹ̀ ni tàbí ọ̀mùnú. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù jẹ́ èròjà tí ohun ọ̀gbìn lè kó kúrò nínú ewé àgbà lọ fún ewé tuntun nígbà ọ̀wọ́n, nítorí náà ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jìyà. Kálísíọ̀mù, irin àti bórọ́ọ̀nù kì í rìn bẹ́ẹ̀: ibi tí wọ́n bá wọ̀ ni wọ́n ń gbé, ewé tuntun ló sì ń fi àìtó wọn hàn. Súlfọ̀ àti síńkì kì í rìn púpọ̀, àwọn náà sábà máa ń fara hàn lókè. Ìlànà kan ṣoṣo yìí ń pín èròjà 14 sí ọ̀nà méjì kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbàdo, nítorí kò sí olùkọ́ tó dára jù ú lọ. Bí náítírójìn kò bá tó, ewé ìsàlẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀, pípọ́n náà yóò sì gba àárín ewé wálé, yóò rí bíi lẹ́tà V, etí ewé yóò ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀. Bí pòtásíọ̀mù ni, ewé ìsàlẹ̀ kan náà ni, ṣóńṣó kan náà ni, ṣùgbọ́n etí ewé ni yóò gbà: etí yóò pọ́n, yóò gbẹ bí ẹni pé iná rà á, àárín yóò sì wà ní tútù. Ọ̀kan gba àárín, ìkejì gba etí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì wọ́n mú mọ́; ẹni tó kà á nínú ìwé nìkan yóò máa yí wọn padà fún ara wọn títí lọ.

Mágínísíọ̀mù náà ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà ló ń fà: àlàfo àárín iṣan ewé á pọ́n, iṣan á wà ní tútù. Súlfọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ, torí pípọ́n rẹ̀ jọ ti náítírójìn, àfi pé ewé òkè ló ń pọ́n. Síńkì ń fi ara hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́: ọ̀já funfun gbòòrò á yọ ní ìhà méjèèjì igi àárín ewé tuntun, láti ìdí ewé náà lọ sókè. Ẹni tó bá sì ti da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jù sílẹ̀ lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló dá àìtó síńkì sílẹ̀.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kí a ṣọ́ra fún jù. Àgbàdo kékeré tí kò rí i jẹ á máa ní àwọ̀ elésè-àlùkò létí ewé. Ṣùgbọ́n irúgbìn kan wà tí àwọ̀ yẹn wà lára rẹ̀ láti ìran, gbòǹgbò tí kòkòrò jẹ sì lè fa irú rẹ̀. Ojú ti fura; kò tíì tó láti dájọ́.

3. Ohun ọ̀gbìn tó ń fi ebi pamọ́

Ní 1943, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, Thomas Wallace ti ibùdó ìwádìí Long Ashton lẹ́bàá Bristol tẹ ìwé kan tó kún fún àwòrán aláwọ̀ jáde, láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè fi ojú mọ àìtó èròjà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ápù, ọ̀dùnkún àti ọkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Ní 1980 ni C. J. Asher, D. G. Edwards àti R. H. Howeler tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ jáde, Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ni ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ jù láyé lónìí.

Ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí àgbàdo pátápátá. Bí oúnjẹ ilẹ̀ bá dínkù, ẹ̀gẹ́ kì í sábà pariwo. Ó máa ń dín ìdàgbà ara rẹ̀ kù: igi á kúrú, ewé á kéré, iye tó kù á sì máa tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Oko ẹ̀gẹ́ lè dára lójú kí isu rẹ̀ má kún agbọ̀n. Ẹni tí wọ́n fi àwòrán nìkan kọ́ yóò rìn gba inú irú oko bẹ́ẹ̀ kọjá, yóò kí àgbẹ̀ kú iṣẹ́, yóò sì máa lọ. Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti le jù: bí ewé kò bá sọ̀rọ̀, oko nìkan ló lè jẹ́rìí.

4. Àwọn tó fara jọ ebi

Kì í ṣe gbogbo ewé tó pọ́n ni ebi ń pa. Àrùn ìlà àgbàdo ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó já gẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kòkòrò kékeré afò tí wọ́n ń pè ní Cicadulina ló sì ń gbé e káàkiri. Àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tó wà nílùú yìí láti 1967, ṣe iṣẹ́ ribiribi láti mú irúgbìn tó ń dènà rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá rí àrùn yìí tó pè é ní àìtó mágínísíọ̀mù ti ná owó àgbẹ̀ dànù. Mósáìkì ẹ̀gẹ́ náà ń fún ewé ní àwọ̀ àbùlà, ó sì ń lọ́ ọ. Eṣinṣin funfun àti igi ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ló ń gbé e wá, ajílẹ̀ kò sì ní wò ó sàn.

Báwo la ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Kí a fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí ewé, kí a wo oko láti òkèèrè. Àrùn sábà máa ń mú ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, aláìsàn àti onílera a sì wà lórí ebè kan náà. Àìtó èròjà ń tẹ̀ lé ilẹ̀: ẹ̀bá òkè tí àgbàrá wọ́, ibi iyanrìn, ibi tí wọ́n ti ń gbin nǹkan kan náà láìdáwọ́ dúró. Àmì oògùn apakoríko sì máa ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹni tó fọ́n ọn. Omi tó dúró sídìí àgbàdo ń mú un pọ́n, torí gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ gbà, bí náítírójìn tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Tòmátò tún kọ́ni ní ohun mìíràn. Ní oko àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí èso lè dúdú kí ó sì rà. Àìtó kálísíọ̀mù nínú èso ni, síbẹ̀ kálísíọ̀mù lè pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Bíbomirin lónìí kí a tó tún gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ni kò jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ń lọ. Omi ni oògùn rẹ̀.

5. Ilẹ̀ àti ìtàn rẹ̀

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọdún 1921 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation. Láti 1922 títí di 1951 ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò lórí bí ilẹ̀ Ìbàdàn yóò ṣe máa lọ́ràá nìṣó, H. Vine sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1953. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé wọn jáde nílùú yìí lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa pe oríṣiríṣi ilẹ̀: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù. Ilẹ̀ Àpòmù kún fún iyanrìn, omi òjò a sì máa fọ èròjà kọjá nínú rẹ̀ kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ fura sí.

Ìtàn oko ṣe pàtàkì bíi ti ilẹ̀. Ẹ wo kòkó. Eérú èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, nítorí pé pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Láti inú ilẹ̀ oko kòkó ni pòtásíọ̀mù yẹn ti jáde wá. Oko tí wọ́n ti ń kó èèpo kòkó kúrò nínú rẹ̀ láti ayé bàbá dé ayé ọmọ ti ń pàdánù èròjà lọ́dọọdún, kò sì sí ewé kan tí yóò sọ ìtàn yẹn fún àlejò. Àgbẹ̀ ni yóò sọ ọ́, bí wọ́n bá jókòó bi í. Kí ni ẹ gbìn síbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Kí lẹ dà sí i? Ibo ni omi ń gbà kọjá? Ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ kí ó ṣáájú wíwo ewé, kí ó má sì jẹ́ ìkíni lásán.

6. Owó tó wà nínú ìdájọ́

Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó wúwo tó kílò 50 ní náítírójìn kílò 7.5. Àpò yúríà kílò 50 ní kílò 23. Bí ó bá jẹ́ pé náítírójìn nìkan ni kò tó ní oko kan, àgbẹ̀ yóò ra àpò 15-15-15 tó lé díẹ̀ ní mẹ́ta kí ó tó rí ohun tí àpò yúríà kan ìbá fún un. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù tí kò nílò ni ó fi ìyókù owó rà. Bí ó bá sì jẹ́ síńkì ni kò tó, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdájọ́ tó ṣìnà kì í mú kí ojú onímọ̀ nìkan tì. Inú àpò àgbẹ̀ ló ti ń san án.

7. Báwo ni kí a ṣe kọ́ wọn?

Láti 1975, nígbà tí ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe, títí ó fi kárí gbogbo ìpínlẹ̀, ọ̀nà tí a fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ ni pé kí ó gba iṣẹ́ jíjẹ́ lókè, kí ó gbé e lọ fún àgbẹ̀. Ọ̀nà yẹn tan irúgbìn tuntun kálẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kò kọ́ òṣìṣẹ́ láti dúró sí oko kan ṣoṣo, kí ó sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí oko kejì. Ilé ẹ̀kọ́ inú oko tó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1989 sún mọ́ ohun tí a ń wá: àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ jọ ń wo oko, wọ́n jọ ń jiyàn, wọ́n sì jọ ń padà wá wò ó lọ́sẹ̀ kejì.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń béèrè nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ebi pa àgbàdo. Àwọn ará Jámánì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1860 pé a lè tọ́ ohun ọ̀gbìn nínú omi tí a pèsè èròjà sí. Kí a fọ iyanrìn odò mọ́ tónítóní, kí a bù ú sí ìkòkò, kí a máa bu omi tí gbogbo èròjà pé sínú rẹ̀ wọ́n ìkòkò kan, kí a sì yọ èròjà kan ṣoṣo kúrò nínú ti ìkòkò kọ̀ọ̀kan tó kù. Ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ tó wà nínú hóró yóò ṣì máa gbé e. Lẹ́yìn náà ni ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ti mọ ìdáhùn ṣáájú ìbéèrè.

Ní ọdún kejì, kí ó wọ oko àgbẹ̀. Kí ó pín ilẹ̀ kékeré kan sí márùn-ún: kí ìkínní gba náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù, kí mẹ́ta pàdánù ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, kí ìkarùn-ún má gba ohunkóhun. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni ètò TAMASA, tí IITA wà nínú rẹ̀, ṣe lóko àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní àríwá Nàìjíríà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ojú rẹ̀ fura sílẹ̀ kí ó tó gbìn, kí àgbẹ̀ náà sọ tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ìkórè dá ẹjọ́ náà. Kí wọ́n mú ilẹ̀ àti ewé lọ sí yàrá àyẹ̀wò bákan náà, torí ẹlẹ́rìí méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Fóònù kò ní gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí. Áàpù Nuru tí Yunifásítì Penn State àti IITA jọ ṣe wúlò; lórí ẹ̀gẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti dá mọ̀ ni àrùn mósáìkì, àrùn tó ń sọ isu di búráùn, àti ìpalára kòkòrò aláwọ̀ ewé. Ebi tí ẹ̀gẹ́ fi pamọ́ kò sí lára wọn.

Ẹ̀yin mọ́gàjí àti baálẹ̀, ìdajì éékà ní abúlé oko kọ̀ọ̀kan ti tó fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí. Ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́, iyanrìn wà lódò, ìkòkò wà lọ́jà. Ẹ fi iṣẹ́ ìkòkò àti iṣẹ́ oko sínú ìdánwò àṣejáde, kí ẹni tí kò bá ṣe é má gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ kan bá wo ewé yín tó sì ní kí ẹ lọ ra ajílẹ̀, ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀, ẹ sì ní kí ó kọ́kọ́ dán an wò lórí poro méjì.